Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Andrew Foster

Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ wọ kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sì tíì jókòó sí ilé ìwé kankan rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà," ni ìyá náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ. Kò mọ nǹkan kan o." Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìwé àwòrán sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ́ ọ ní A, B, C, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá mú un. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n lẹ́nu géètì. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ń fi ọwọ́ àti ojú àti èjìká ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìròyìn gígùn tó ní orí tó ní ìdí, ẹ̀gbọ́n náà ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń fi ọwọ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ. Mo mọ̀ nítorí ọmọ náà ṣe bí mo ṣe máa ń ti jígí ojú mi sókè.

Ọjọ́ yẹn ló mú mi tún ìtàn Andrew Foster kà láti ìbẹ̀rẹ̀, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn adití káàkiri Áfíríkà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí olùkọ́ adití ní Nàìjíríà, ní Ghana, ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí ní Tógò tí kò jẹ nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń gbọ́ ìtàn àwọn ẹni ńlá ni: ó jìyà, ó fara dà á, ó ṣàṣeyọrí. Nígbà tí mo tún un kà, ohun mìíràn ni mo rí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí Foster ṣe nílẹ̀ Áfíríkà fún ọgbọ̀n ọdún ló ní ibi tó ti wá nínú ilé ìwé tó lọ, àti nínú èyí tí wọn kò jẹ́ kó wọ̀. Ohun tó ṣe dáadáa ti ibẹ̀ wá. Ohun tí kò rí náà ti ibẹ̀ wá.

Wọ́n bí i ní ọdún 1925 ní Ensley, ní ìlú Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ní 1936, nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, àìsàn yírùnyírùn, èyí tó máa ń ba awọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jà, kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀. Àwọn méjèèjì rù ú là, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ orí yẹn. Ọmọ ọdún 11 ti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ yó. Ó ti ń jiyàn, ó ti ń pa àlọ́, ó ti ń kàwé. Foster kò pàdánù èdè. Ọ̀nà tí èdè ń gbà wọlé ni ó dí, ó sì kù kó wá ọ̀nà mìíràn. Èyí yàtọ̀ gan-an sí ọmọ tí wọ́n bí ní adití, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n mú un lọ sí Talladega, sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Alabama dá sílẹ̀ fún àwọn adití àti afọ́jú aláwọ̀ dúdú. Ilé ẹ̀kọ́ adití ti àwọn aláwọ̀ funfun náà wà ní Talladega yìí kan náà. Ìlú kan, àìgbọ́ràn kan, ilé ẹ̀kọ́ méjì, nítorí òfin kò gbà kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ jókòó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ dúdú níbẹ̀ nígbà náà kò ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Kò sẹ́ni tó retí pé adití tó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú yóò fẹ́ ka ìwé gíga.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ tálákà yẹn tí ilé ẹ̀kọ́ olówó kò ní. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pé jọ sí Mílàn ní Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló yẹ kí a máa fi kọ́ adití, kí a mú èdè ọwọ́ kúrò ní kíláàsì. Nínú gbogbo aṣojú tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni adití. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ọmọ adití láti máa wo ètè, kí ó sì máa fi tipátipá gbé ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ jáde. Níbòmíràn wọ́n ń na ọmọ lọ́wọ́ tó bá fi ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Ìlànà yìí ń gba owó àti olùkọ́ púpọ̀, àwọn aláṣẹ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ náwó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ dúdú. Bí ọwọ́ àwọn ọmọ dúdú ṣe gba òmìnira nìyẹn. Carolyn McCaskill, ọ̀mọ̀wé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Talladega kan náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Foster, wà lára àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n da ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn adití funfun, kò sì gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ sọ. Èdè ọwọ́ tirẹ̀ ti dàgbà lọ́tọ̀.

Foster jáde ní Talladega pẹ̀lú ìwé díẹ̀ àti ìgbàgbọ́ kan tí kò yẹ̀: ọwọ́ lè gbé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sùn nínú yàrá kan náà.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Detroit. Ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ adití ìpínlẹ̀ Michigan, wọn kò gbà á, nítorí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ náà. Ó wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ó ń kàwé lóru. Ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, inú lẹ́tà ló ti kà á: ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chicago ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ó ń ṣe é, ó ń fi í ránṣẹ́ padà, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ní 1951. Nínú lẹ́tà kò sẹ́ni tó ní láti mọ̀ pé adití ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rí àwọ̀ ara rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa fífa àwọn akàndá mọ́ra ronú lórí èyí. Ẹni tí wọ́n lé ní ẹnu ọ̀nà gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àpótí lẹ́tà.

Ó wá ku Gallaudet ní Washington, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo lágbàáyé nígbà náà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún adití. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni Foster kọ̀wé sí wọn tí wọ́n sì dá a padà. Adití ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n adití funfun ni. Ní 1951 wọ́n wá gbà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ọgbà kan náà, ẹjọ́ tí Louise Miller pè lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ já sí rere. Ìyá tó bí ọmọ adití ni obìnrin yìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé adití, Kendall, wà nínú ọgbà Gallaudet, ní ìlú tí òun ń gbé, síbẹ̀ wọ́n ń kó àwọn ọmọ dúdú lọ sí ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà tí ó borí, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ dúdú jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣí fún wọn nínú ọgbà náà ní 1953. Foster ń rìn kọjá nínú ọgbà yẹn lójoojúmọ́. Òun tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rí àwọn ọmọdé tó dà bí òun nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n tún ti yà sọ́tọ̀.

Ọdún mẹ́ta péré ló fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà kéde nínú ẹjọ́ Brown pé yíya ọmọ sọ́tọ̀ nílé ìwé nítorí àwọ̀ lòdì sí òfin. Ó gba oyè kejì ní Michigan ní 1955, ó tún gba òmíràn ní Seattle ní 1956. Ó lè jókòó sí Amẹ́ríkà, kó jẹ iṣẹ́ olùkọ́.

Àmọ́ nígbà tó wà ní Detroit, ó ti pàdé míṣọ́nnárì kan tó ti Jàmáíkà wá, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àwọn adití ibẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa Áfíríkà. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ adití kò tó nǹkan káàkiri ilẹ̀ yìí, pàápàá ní ìwọ̀ oòrùn. Ní 1956 ó dá iṣẹ́ ìhìnrere kan sílẹ̀ fún àwọn adití. Ní 1957 ó dé Accra, ọdún tí Ghana gba òmìnira.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò kọ́ ilé. Ó yá kíláàsì àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn, ó ń lò ó nígbà tí wọ́n bá ti lọ sílé. Ọmọdé wá, àgbàlagbà náà wá, kò sì lé ẹnikẹ́ni nítorí ọjọ́ orí. Ẹni tó ṣe girama tán ní nǹkan bí ọmọ ọdún 26 kò ní wo ẹni ọdún 30 lójú kó sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ní 1959, ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Mampong ní Akuapem, ó sì di ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, bíi Talladega. Nígbà tó yá ìjọba Ghana gbà á.

Ní 1960 ó dé Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ adití Wesley ti wà ní Èkó ṣáájú, nítorí náà kò ní tọ̀nà láti sọ pé Foster ló kọ́kọ́ ronú kan adití ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó mú wá ni olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití. Mo gbìyànjú láti ro ohun tí ìyẹn ṣe sí òbí tó mú ọmọ wá ní Ìbàdàn nígbà náà. Ó dé ọ́fíìsì, ó ń wá ọ̀gá ilé ìwé, ó bá ọkùnrin dúdú kan tó wọ kóòtù, tó kàwé jìnnà, tí kò sì gbọ́ ohun tí òbí náà ń sọ. Gbogbo àlàyé tí a lè ṣe fún òbí nípa ohun tí ọmọ rẹ̀ lè dà, ó ti wà lójú rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn Ìbàdàn ni Kaduna àti Enugu. Berta Zuther, adití ará Jámánì tó pàdé níbi àpérò àgbáyé àwọn adití ní Wiesbaden ní 1959, di ìyàwó rẹ̀ ní 1961, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ṣe ìgbéyàwó. Àwọn méjèèjì jọ gbé iṣẹ́ náà. Foster a máa lo apá kan ọdún ní Áfíríkà, apá kejì ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń lọ láti ìjọ dé ìjọ láti wá owó.

Ìbàdàn ló tún kó àwọn olùkọ́ jọ sí ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Àwọn tó ń sọ Faransé wá láti Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n padà lọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ adití. Ní tèmi, ibí ni gbogbo ìtàn náà dá lé. Olóore ń kọ́ ilé fún ẹni tí wọ́n lé, iṣẹ́ rere ni. Foster gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ní Gallaudet, òun nìkan ni dúdú tó gboyè, ó mọ bó ṣe rí kí ènìyàn máa jẹ́ òun nìkan níbìkan, kò sì fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa mú adití kan ṣoṣo jáde bí ohun àfihàn. Ó mú olùkọ́ jáde, kí àwọn yẹn lè mú ẹlòmíràn jáde. Nígbà tí yóò fi kú, ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ti lé ní 30 káàkiri Áfíríkà.

Mo ti sọ pé ohun tí kò rí náà ti ilé ìwé wá.

Èdè adití tí Foster mú wá ni èyí tó kọ́ ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó fi kọ́ àwọn olùkọ́, òun sì ni ìpìlẹ̀ èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ adití ní Nàìjíríà àti Ghana títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn adití ilẹ̀ yìí kì í ṣe aláìlédè kó tó dé. Kò jìnnà sí Mampong, ní Akuapem kan náà, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Adamorobe. Àìgbọ́ràn wà nínú ìdílé àwọn ará ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn adití ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé abúlé náà ní èdè ọwọ́ tirẹ̀, tí adití ń sọ, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbọ́ràn náà mọ̀. Ní Kano àti ìlú Hausa mìíràn, àwọn adití ní èdè tiwọn tí wọ́n ń pè ní maganar hannu. Ní ìlú Yorùbá náà, àwọn onímọ̀ èdè ti ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn adití tí kò dé ilé ìwé ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tí àmì ọwọ́ tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìran tó ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà ti mọ̀ tipẹ́ pé etí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ adití Adamorobe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Mampong. Wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ èdè ọwọ́ ti ilé ìwé, èdè baba ńlá wọn sì ń rù. Àwọn onímọ̀ ti ń kígbe lórí rẹ̀.

N kò dá Foster lẹ́bi bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Wákàtí kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn aláṣẹ tó bá pàdé kà á sí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni èdè, ó sì ń bá wọn jà kí wọ́n má tilẹ̀ di ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọ ọdún 11 yẹn. Foster dé Talladega pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú orí rẹ̀. Kò mú àmì ọwọ́ kankan ti ilé wá tí ilé ìwé lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún un, ilé ìwé ni ibi tí èdè ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé ìwé kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò mọ̀ pé ilé ìwé lè gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwùjọ sábà máa ń rí i pé ibi tó dùn wá ni ojú wa mú sí. Ibi tí kò dùn wá rí ni a ti ń ṣẹ ẹlòmíràn láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé ìyà ló sọ Foster di ẹni ńlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ ìyà kan náà ní Talladega, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n sì fi jẹun títí. Ilẹ̀kùn títì kì í kọ́ni ní nǹkan kan. Yàrá tí ìbátan rẹ̀ fún un ní Detroit ṣe nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba lẹ́tà ṣe nǹkan. Àwọn ọmọ Talladega tó kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́, àwọn ló ṣe jù. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọmọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ di ẹni tó ń kó ènìyàn mọ́ra, ibẹ̀ ni ká wò.

Gallaudet fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1970. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1987, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó wọ̀ já ní Rwanda, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ ọdún 62 ni. Gbọ̀ngàn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí nínú ọgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Inú mi sì máa ń dùn jù sí èyí: Isaac Agboola, adití ọmọ Nàìjíríà, kàwé ní Gallaudet, ó di ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ ìtàn Foster sílẹ̀.

Ọmọ tó ṣe bí mo ṣe ń ti jígí sókè ti wà ní kíláàsì kẹta báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo dúró lójú fèrèsé, mo kó ìwé àwòrán náà pa mọ́. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jókòó tì wá lọ́sàn-án mẹ́ta. Mo tọ́ka sí omi, mo gbé ojú sókè wò ó, mo dúró. Ó fi ìka mẹ́ta kan ọrùn, ó fà á sísàlẹ̀. Mo tọ́ka sí òjò, sí ìyá rẹ̀, sí iṣu. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 140 ni a rí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi àmì ilé ìwé fún omi hàn án. Ó wò ó, ó ṣe é, ó tún ṣe tirẹ̀, ó wá nawọ́ sí mi pé kí èmi náà ṣe méjèèjì.